Bí gìtá jùjú ṣe ń dún gaara: áńpù kan, pẹ́dà mẹ́ta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin onígìtá. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la wà. Ohùn gìtá jùjú àtijọ́ la fẹ́ wá lónìí, èyí tó máa ń dún ketekete láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí kì í ha. Àwọn ọmọ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń rò pé pẹ́dà, àpótí kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà, ló ń ṣe é. Ẹ yọ gbogbo pẹ́dà kúrò ná. Wáyà kan ṣoṣo, láti ara gìtá bọ́ sínú áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè.

Gìtá ọwọ́ mi yìí, irú Stratocaster tí Fender kọ́kọ́ gbé jáde ní 1954 ni. Ẹ wo síwíìṣì rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gbé ìró okùn) ti ọrùn àti ti àárín ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ti 1954 gan-an kò ní àyè yìí o, ipò mẹ́ta péré ló ní. Àwọn onígìtá ló ń fi ọgbọ́n há síwíìṣì náà sáàárín. Ẹ yí fólúùmù gìtá sí 8.

Ó kan áńpù, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bí ẹ bá rí JC-120 ti Roland lò, ọpẹ́ ló yẹ yín: 120 wátì, sípíkà méjì. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ohùn gìtá tó ń wọ inú áńpù bá ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ṣe ló máa ń gé orí ohùn, a ó wá máa gbọ́ ọ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. Nítorí náà, gain, ìyẹn bọ́tìnnì ohùn tó ń wọlé, sí 3, kí ẹ wá fi master, bọ́tìnnì ohùn tó ń jáde, gbé ohùn sókè. Ẹ ta okùn tó nípọn jù, ẹ ta á kíkankíkan. Ó ha? Ẹ dín gain kù díẹ̀, ẹ tún un ta. Ẹ má kúrò níbí títí yóò fi mọ́. Báàsì sí 4, torí gìtá báàsì ti gba ìsàlẹ̀. Tírébù, ìyẹn ohùn òkè, sí 6.

Ẹ ń gbọ́ “ùùù” yẹn? Ẹ yí ara yín díẹ̀, kí gìtá má kọjú sí áńpù, kí ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

Ó wá kan pẹ́dà. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló ṣáájú: ó ń tẹ ohùn tó ga jù mọ́lẹ̀, kí títa yín lè dọ́gba. Díẹ̀ ni o. Bó bá pọ̀, gìtá á kàn máa mí gúlegúle. Kọ́rọ́ọ̀sì, tó ń mú kí gìtá kan dún bíi méjì, tẹ̀ lé e, kó máa lọ jẹ́jẹ́. JC-120 ti ní tirẹ̀ nínú, ẹni tó bá ń lò ó lè fo ìyẹn. Díléè, tó ń tún ohùn sọ bíi gbohùngbohùn, ló kẹ́yìn. Bí ìlù bá ń lọ ní ìró 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, 500 mílísẹ́kọ́ńdì ni ìró kan sí èkejì. Ẹ gbé díléè sí 500 tàbí 250, kó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ẹ yẹ adáptọ̀ wò kí ẹ tó ki í bọ pẹ́dà. Iná 9 fóltì ni ọ̀pọ̀ jù ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ́dà á sì jóná mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọwọ́ wá ńkọ́? Ẹ ta á súnmọ́ ọrùn gìtá, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan okùn díẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ… ẹ tún gbọ́. Bí àwọn onílù bá wá wọlé tí ẹ kò gbọ́ ara yín mọ́, díléè ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ má tíì fọwọ́ kan gain.