James McDivitt, Àgùdà tó dán ọkọ̀ òṣùpá wò

Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ Àgùdà wa níbí ní Òṣogbo ló ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ìjọ kan tó fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sin Ọlọ́run, mo sì rò pé ẹni mímọ́ kan ni wọ́n ń retí, tàbí Fádà òyìnbó tó kọ́ ilé ìwé síbí láyé àtijọ́. Mo mú James McDivitt wá, ará Amẹ́ríkà kan tó wa ọkọ̀ lọ sí òfúrufú. Ọ̀pọ̀ nínú họ́ọ̀lù ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn. Àwọn ará Òkè-Baálẹ̀ tí òjò dá dúró ní kí n kọ ọ́ síbí, ẹ bá mi kálọ.

Chicago ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1929, Kalamazoo ní Michigan ló ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Kò bọ́ sí yunifásítì tààrà o, iṣẹ́ títún bọ́ílà ṣe ló fi ọdún kan ṣe, kó tó wá lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ kí ọmọ sinmi torí JAMB, ẹ gbọ́ o. Ọdún 1951 ló wọṣẹ́ ológun òfúrufú, wọ́n gbà á kó wá kọ́ wíwa bàálù nígbà tóun fúnra ẹ̀ ò tíì wọ bàálù rí. Ó lọ sógun Kòríà, ó fò lọ sójú ìjà nígbà 145. Wọ́n wá rán an padà sílé ìwé ní Yunifásítì Michigan, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òfúrufú, ó jáde lọ́dún 1959, òun ló gba ipò kìn-ín-ní. Bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó ti níyàwó, ó ti ń tọ́mọ. Ọdún 1962 ni NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán èèyàn lọ sí òfúrufú, mú un.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1965, òun àti Edward White gbéra nínú ọkọ̀ òfúrufú Gemini 4, McDivitt ni ọ̀gá ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti Michigan. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò lókè, wọ́n yí ayé po nígbà 62. White ló jáde síta, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó máa léfòó nínú òfúrufú lóde ọkọ̀ ẹ̀. Ẹ ti rí fótò yẹn, ọkùnrin aláṣọ funfun, ayé búlúù lábẹ́ ẹ̀, ó wà nínú ìwé ọmọ ilé ìwé kárí ayé. McDivitt ló yà á. Ẹni tó mú kámẹ́rà dání ò lè sí nínú fótò, ẹ sì máa rí i pé bí gbogbo ayé ọkùnrin yìí ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí White wọlé padà, ilẹ̀kùn kọ̀, kò fẹ́ tì. Tí ilẹ̀kùn yẹn ò bá tì, wọn ò lè bọ̀ sílé láàyè, ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irú wàhálà yẹn ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò, McDivitt sì ti lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe láti wo bí sípíríǹgì inú ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, nǹkan tí ọ̀gá míì máa ní kì í ṣe iṣẹ́ tòun. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i tì.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wù mí jù. Wọ́n ní kó wa ọkọ̀ sún mọ́ apá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn lọ sókè, tóun náà ń yí ayé po níwájú wọn. Ó kọjú sí i, ó tẹ iná, àmọ́ bó ṣe ń tẹná ni nǹkan yẹn ń jìnnà. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kadà lé ọ̀kadà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán mọ̀ pé kéèyàn ṣáà fún un níná ni, òun á bá a. Lókè yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá tẹná, ojú ọ̀nà tó ò ń gbà yí ayé po máa ga sí i, ó máa gùn sí i, ìwọ fúnra ẹ á wá lọ́ra lórí ẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sì máa sáré lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará iwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín eré kù, kó já sísàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti kúrú, kó wá gòkè padà. Nígbà yẹn, ìwé ti sọ ọ́, àmọ́ ọwọ́ páílọ́ọ̀tì ò tíì mọ̀ ọ́n. Epo tí wọ́n ní fún iṣẹ́ náà ti ń lọ dé ìdajì, McDivitt ní ó tó, ó fi í sílẹ̀. Gbogbo ayé ń gbọ́ wọn lórí rédíò o. Àwa tá a máa ń ná owó lé owó tó ti sọnù torí ojú ayé, ẹ ò rí nǹkan.

Ẹnì kan béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà. Ó kàn án dáadáa. NASA ní ibùdó ìtọpinpin ní Kano láyé ìgbà yẹn, láti ìgbà Mercury, ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rán èèyàn lọ sókè, ọ̀kan ni lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ tó bá ń kọjá lórí Áfíríkà.

Ní ti ẹ̀sìn, nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ sókè, òun ni Àgùdà àkọ́kọ́. White ọ̀rẹ́ ẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì nìyẹn, mú àgbélébùú, mẹ́dà Kristófà Mímọ́ àti ìràwọ̀ Dáfídì dání nígbà tó jáde síta. Ọdún méjì ò tíì pé lẹ́yìn ẹ̀ tí White kú nínú iná Apollo 1, ọkọ̀ kan nínú ètò tí NASA fẹ́ fi lọ òṣùpá, ní oṣù kìn-ín-ní 1967, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi ìdánwò lásán. McDivitt ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1968, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló yẹ kó lọ lẹ́yìn Apollo 7, bí wọ́n ṣe máa wa ọkọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ tó máa balẹ̀ sórí òṣùpá ni wọ́n ti ń kọ́. Ọkọ̀ náà pẹ́, NASA bá ní kí wọ́n rán ọkọ̀ ńlá yòókù, èyí tó ń gbé èèyàn lọ tó sì ń gbé wọn bọ̀ wálé, nìkan lọ yí òṣùpá po. McDivitt dúró ti ọkọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ tó ti kọ́ títí, ikọ̀ míì, àwọn ará Frank Borman, ló lọ. Àwọn ló wá ka Jẹ́nẹ́sísì fún gbogbo ayé láti òṣùpá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú Kérésìmesì. Ẹ fojú inú wo Àgùdà tó jókòó sílé tó ń gbọ́ ọ.

Oṣù kẹta 1969 lòun lọ pẹ̀lú Apollo 9, ní ìtòsí ayé níbí. Òun àti Rusty Schweickart wọ ọkọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, wọ́n já a kúrò lára èkejì, wọ́n wà á lọ fún wákàtí mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní asà tó lè gbà á lọ́wọ́ iná àtiwọlé ayé, tí wọn ò bá rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ David Scott, ẹnì kẹta wọn tó dúró nínú ọkọ̀ ńlá, ó parí. Kí wọ́n tó já a, wọ́n ti kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì ṣì so pọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ kékeré lè ti ńlá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Oṣù kẹrin 1970, nǹkan bú gbàù nínú Apollo 13, irú ẹ́ńjìnnì yẹn náà, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ tó ti ń ti ọkọ̀ ńlá, ló gbé èèyàn mẹ́ta wálé. McDivitt ti di mánéjà ọkọ̀ Apollo ní Houston nígbà yẹn, láti Apollo 12 dé 16 ọwọ́ ẹ̀ ló wà.

Ó kúrò ní NASA lọ́dún 1972, ó ṣọ̀gá ní kọ́ńpìnnì iná mànàmáná kan, ó ṣe ààrẹ Pullman Standard tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin, ní 1981 ó bọ́ sí Rockwell tó kọ́ ọkọ̀ òfúrufú Shuttle, igbákejì ààrẹ àgbà ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1995. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2022 ló kú ní Tucson, ẹni ọdún 93.

Àwọn ọkùnrin béèrè bóyá kò dùn ún pé kò fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Mo ní kí wọ́n bi àwọn mẹ́ta inú Apollo 13. Ìyá kan tó bá wọn gbé oúnjẹ wá ló wá nàka láti ẹ̀yìn: “Ẹ gbà mí o, bàbá wà lókè, bàbá wà ní Houston, bàbá wà lọ́fíìsì, ta ló wá ń mú àwọn ọmọ lọ Mísà?” Họ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Mo ní Patricia ni, ìyàwó ẹ̀, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, nígbà Gemini 4 àwọn tó ti wà nílẹ̀ ṣì kéré, NASA gbé ẹ̀rọ kékeré sínú ilé kó lè máa gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn dúró síta. Òun àti ìyàwó White, tóun náà ń jẹ́ Pat, lọ sí ilé ìdarí ní Houston láti bá àwọn ọkọ wọn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yí ayé po.

Ìyá yẹn ní òun ti mọ̀ pé obìnrin kan wà nílé, òun kàn fẹ́ kí àwọn ọkùnrin gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni.