Hẹ́dífóònù tó ṣí lẹ́yìn àti èyí tó dí: ibo ni béèsì ń gbà lọ?

DÈJÌ: Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, níbikíbi tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ gbé yín dé lókè òkun. Èmi Dèjì ni, Fúnmi ló jókòó tì mí. Hẹ́dífóònù méjì ló wà lórí tábìlì níwájú wa. Ọ̀kan lu jára lẹ́yìn, èèyàn lè máa wo inú rẹ̀. Ìkejì dí pa. Ìbéèrè tá a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí ni pé èwo ni béèsì rẹ̀, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ orin, dáa jù. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí o, Fúnmi: èyí tó dí ni tèmi. Béèsì gbọ́dọ̀ wúwo létí.

FÚNMI: Bọ̀dá Dèjì, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ná. Béèsì tó pọ̀ yàtọ̀ sí béèsì tó dáa. Ẹ lè gbọ́ orin tí béèsì rẹ̀ ń dún gbì-gbì-gbì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ má sì mọ ohùn tí onígìtá béèsì ń ta. Lójú tèmi, ìyẹn ò tíì di béèsì, ariwo ni.

DÈJÌ: Ó dáa, mo gbọ́. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ńkọ́? Báwo lo ṣe máa là á yé e?

FÚNMI: Inú hẹ́dífóònù yòówù kó jẹ́, awọ tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n. Bó bá ti sún síwájú, ó ti afẹ́fẹ́ sí etí yín. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ó fa afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìró méjì ló ń jáde nígbà gbogbo, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òdìkejì ara wọn sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ gbogbo wà lórí ìró ẹ̀yìn yẹn. Èyí tó dí ń tì í mọ́lé. Èyí tó ṣí ń jẹ́ kó jáde lọ.

DÈJÌ: Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi máa ń gbọ́ orin mi.

FÚNMI: Òun náà ni. Ẹ̀yin náà á sì máa gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣe. Iléeṣẹ́ Sennheiser ló kọ́kọ́ gbé irú èyí tó ṣí jáde fún títà, lọ́dún 1968. HD 414 lorúkọ rẹ̀, ti fóòmù aláwọ̀ ìyeyè létí rẹ̀. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n rí i pé orin lè dún láì dà bíi pé wọ́n há a mọ́ àárín etí méjèèjì.

DÈJÌ: Wá sórí béèsì. Kí ló dé tí béèsì èyí tó ṣí fi sábà máa ń fúyẹ́?

FÚNMI: Ẹ wò ó báyìí. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 41 Hz nìyẹn. Ìgbì ìró tó ń jáde lára rẹ̀ gùn ju mítà 8 lọ. Ìgbì tó gùn tó yẹn ò ka hẹ́dífóònù kékeré sí ohunkóhun, ńṣe ló máa yí i ká. Tó bá wá jẹ́ pé tìmùtìmù etí rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ìró ẹ̀yìn á rí ọ̀nà padà síwájú. Á bá ìró iwájú pàdé, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ohùn òkè kì í bọ́ sínú wàhálà yẹn tó béèsì, torí ìgbì tiẹ̀ kúrú. HD 600, èyí tó ṣí lẹ́yìn tí Sennheiser gbé jáde lọ́dún 1997, títí dòní làwọn tó ń po orin pọ̀ ṣì ń lò ó, torí ohùn èèyàn máa ń jáde nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ kó jáde. Àmọ́ béèsì rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

DÈJÌ: Kọ́kọ́rọ́ tó gbẹ̀yìn lápá òsì piano ńkọ́? 27.5 Hz ni wọ́n ní ìyẹn.

FÚNMI: Ẹ máa mọ̀ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn ohùn kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e lókè wà níbẹ̀, ọpọlọ á sì fi wọ́n mọ èwo ni. Ìdí rẹ̀ gan-an, ìwúwo yẹn, ló máa dín kù.

DÈJÌ: Ó tán! Èyí tó dí ló borí.

FÚNMI: Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìró ẹ̀yìn tẹ́ ẹ tì mọ́lé, ibo lẹ fẹ́ kó gbà? Á lu ògiri ilé rẹ̀, á padà wá bá awọ, á gba ara awọ yẹn kọjá sí etí yín, nígbà tó sì máa dé, ó ti pẹ́. Á gbé àwọn ohùn kan sókè, á rẹ àwọn míì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe é fi máa ń kó òwú tàbí fóòmù síbẹ̀ láti fa ìró náà mu. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́bẹ̀ tún máa ń le sí awọ, kì í jẹ́ kó rìn fàlàlà. Tí ilé náà bá kéré, béèsì àárín, tó wà ní nǹkan bí 100 Hz sókè díẹ̀, á wú, á gorí ohùn ọkùnrin, orin á ṣú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní béèsì hẹ́dífóònù òun pọ̀, wíwú yẹn ló ń gbọ́. Béèsì ìsàlẹ̀ gan-an lè má sí níbẹ̀.

DÈJÌ: Ìyẹn lágbára o. Ṣé o lè fi hàn mí?

FÚNMI: Ẹ gbé èyí tó ṣí yìí wọ̀. Orin olóhùn kan àti gìtá ni mo fi sí i. Ṣé ó ti ń dún? Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn rẹ̀.

DÈJÌ: Háà! Ohùn obìnrin yẹn yí padà pátápátá. Ó dà bí ẹni tó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wá ń kọrin níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò... ó ti jáde.

FÚNMI: Awọ inú rẹ̀ ò yí padà, orin ò yí padà. Ògiri lẹ fi ọwọ́ yín mọ sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó dí tí wọ́n ṣe dáadáa kì í dún bẹ́ẹ̀ o, torí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe sínú ilé yẹn. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí yín gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá jà ni. Ó yá, ẹ bọ́ ọ, ẹ gbé èyí tó dí wọ̀. Orin tó ní ìlù ńlá nìyí. Ẹ fi ìka kan gbé tìmùtìmù náà díẹ̀ lábẹ́ etí, kí afẹ́fẹ́ kàn rí àyè gbà.

DÈJÌ: Béèsì ti sá lọ! Ìlù náà ṣì ń dún o, mò ń gbọ́ bí igi ṣe ń kan awọ, àmọ́ ìdí rẹ̀ ti pòórá. Mo fi sílẹ̀... ó ti padà. Ihò tí kò tó ìka kan!

FÚNMI: Ohun tí mo bá wá síbí lónìí nìyẹn, Bọ̀dá Dèjì. Àyè kékeré kan wà láàárín awọ àti etí yín. Títẹ afẹ́fẹ́ inú àyè yẹn ló ń mú béèsì wá. Bí àyè náà bá dí, béèsì á lọ dé 20 Hz, ibi tí etí èèyàn parí sí nísàlẹ̀. Bó bá jò, béèsì ló máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo awò ojú, ọwọ́ awò yẹn máa ń gbé tìmùtìmù kúrò lára orí. Irun tó pọ̀ létí ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Èèyàn méjì lè ra hẹ́dífóònù kan náà, kí ọ̀kan ní béèsì rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí èkejì ní òun ò rí béèsì kankan níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́.

DÈJÌ: Wọ́n á wá máa pe ara wọn ní onírọ́.

FÚNMI: Ó máa ń dùn mí. Tìmùtìmù tó ti gbó náà ń kó bá èèyàn. Fóòmù rẹ̀ á wálẹ̀, ojú rẹ̀ á bó, ìró á yí padà díẹ̀díẹ̀ débi pé olówó rẹ̀ ò ní fura. Kẹ́ ẹ tó sọ pé hẹ́dífóònù ti kú, ẹ pààrọ̀ tìmùtìmù rẹ̀ ná.

DÈJÌ: Ó dáa. Ṣé ó wá ṣeé ṣe kí èyí tó ṣí lẹ́yìn ní béèsì tó lọ jìnnà nísàlẹ̀?

FÚNMI: Dáadáa! Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ wo àwọn tí wọ́n ń pè ní planar magnetic. Awọ tiwọn fẹ̀, ó tẹ́jú, wọ́n ya ọ̀nà iná mọ́ ọn lójú káàkiri, mágínẹ́ẹ̀tì wá kọjú sí i, torí náà gbogbo awọ ló jọ ń rìn pọ̀. Ọ̀kan lára wọn, Audeze LCD-2, ṣí gbayawu lẹ́yìn, àmọ́ tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò níwájú. Béèsì rẹ̀ ń lọ gbọọrọ títí dé ìsàlẹ̀. Torí náà, ṣíṣí ẹ̀yìn nìkan kọ́ ló ń pa béèsì. Iwájú tó ń jò ló ń pa á.

DÈJÌ: Mo ti gbé e rí, ó wúwo lórí o.

FÚNMI: Ó wúwo. Ọrùn á sọ fún yín.

DÈJÌ: Àwọn kan á ní ká ṣáà fi equaliser, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé ohùn kan sókè tàbí rẹ òmíràn sílẹ̀, gbé béèsì HD 600 sókè, kó parí.

FÚNMI: Díẹ̀ kò burú, èmi náà ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá gbé e jù, awọ kékeré yẹn gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ju bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, ìró á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Planar máa ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dáadáa jù ú lọ. Amplifier, ẹ̀rọ tó ń fún ìró lágbára, náà ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́: HD 600 jẹ́ 300 ohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, ó fẹ́ amplifier tó lè gbé ohùn rẹ̀ sókè tó. Àmọ́ kò sí amplifier tó máa dí ihò tó ń jò.

DÈJÌ: Kí ló wá kù fún èmi tí mo fẹ́ràn èyí tó dí? O ti gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi tán.

FÚNMI: Rárá o, ibì kan wà tí kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú, ìyẹn ibi tí ariwo bá wà. Ariwo ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfúrufú, ìsàlẹ̀ ló pọ̀ sí jù, á sì bo béèsì orin mọ́lẹ̀. Ẹ gbé èyí tó ṣí wọ ọkọ̀, béèsì ò ní kù, ẹ̀ ẹ́ wá máa gbé ohùn sókè. Etí ló sì máa jìyà rẹ̀. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló mọ fún àgbàlagbà. Tó bá di 90 dB, wákàtí 4 péré ni lọ́sẹ̀. Èyí tó dí ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ béèsì láì gbé ohùn sókè. Ká sòótọ́, dídí lásán ń dá ariwo òkè dúró ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Noise cancelling, ìyẹn ẹ̀rọ inú hẹ́dífóònù tó ń ṣe ìró òdìkejì láti pa ariwo rẹ́, ló ń bá a mú ti ìsàlẹ̀.

DÈJÌ: Èmi sì ti ṣàkíyèsí pé tí mo bá rẹ ohùn sílẹ̀ lóru, béèsì ló kọ́kọ́ ń lọ, kódà ní ibi tó dákẹ́.

FÚNMI: Etí wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Fletcher àti Munson, ti wọ̀n ọ́n lọ́dún 1933: bí ìró bá ti lọ sílẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì tó bó ṣe ń gbọ́ ohùn àárín. Ẹni tó bá fẹ́ fi hẹ́dífóònù méjì wé ara wọn, kó kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ń dún sókè dọ́gba. Èyí tó bá pariwo díẹ̀ jù ló máa dà bí èyí tó sàn, béèsì rẹ̀ á sì dà bíi pé ó kún.

DÈJÌ: Ìyẹn ni pé wọ́n lè tan èèyàn jẹ nígbà títà.

FÚNMI: Wọ́n lè ṣe é láì tiẹ̀ mọ̀. Ohun kan tún kù. Àwọn olùwádìí méjì, Sean Olive àti Todd Welti, ní iléeṣẹ́ Harman tó ń ṣe ohun èlò ìró, wádìí irú ìró tí èèyàn fẹ́ràn nínú hẹ́dífóònù. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ fẹ́ kó dún bí sípíkà tó dáa nínú yàrá tó dáa, kí béèsì ga díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan ò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹ́ ìwúwo, ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan.

DÈJÌ: Ọlọ́run gbọ́! Àmọ́ bí mo ṣe gbé èyí tó ṣí yẹn wọ̀, mo mọ ibi tí onígìtá dúró sí, mo mọ ibi tí obìnrin yẹn dúró sí. Mi ò lè sẹ́ ìyẹn.

FÚNMI: Torí ẹ̀ ni mo fi ń lò ó nínú yàrá mi tí gbogbo ilé bá ti sùn, tí mo bá ń po orin. Béèsì rẹ̀ fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí níbi tó yẹ, mo sì ń gbọ́ ibi tí gìtá béèsì ti kúrò lára ìlù. Tí mo bá fẹ́ mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, màá gbé èyí tó dí wọ̀, màá bọ́ awò ojú mi sílẹ̀, màá wá tún orin náà gbọ́.

DÈJÌ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ dán ti ìka yẹn wò nílé, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí wa nípa ohun tẹ́ ẹ gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, amplifier la máa tú palẹ̀. Fúnmi, gbé orin onílù ńlá yẹn sí i padà, mi ò tíì gbọ́ ọ tán.