Bí a ṣe ń mú kí fáìlì ìwé ìtọ́nisọ́nà wa bára mu

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láti Tanke nílùú Ìlọrin ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ti aládùúgbò mi ni. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn tó ń fi sólà àti inverter sílé onílé, èèyàn mélòó kan la sì jọ ń kọ ọ́.

Ẹ wo fóldà yìí. Fáìlì mẹ́ta, ìṣe mẹ́ta: ọ̀kan kọ àkọlé ní lẹ́tà ńlá, èkejì kùn ún dúdú, ẹ̀kẹta ò ní àkọlé rárá. Ó dà bí aṣọ òfì tí wọ́n ń hun níbí. Bí ahunṣọ kan bá fẹ ojú tirẹ̀ ju ti èkejì lọ, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ fáìlì la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́tà kékeré, kò sí àmì ohùn, kò sí àlàfo: fifi-batiri.md. Ó tán. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ka Batiri àti batiri sí fáìlì méjì, èyí tó ń lo Windows ò kà á bẹ́ẹ̀.

Ó kan àkọlé. Markdown la ń lò, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń fi àmì kéékèèké ṣètò ìwé, èyí tí John Gruber gbé jáde lọ́dún 2004; .md ló ń parí orúkọ fáìlì rẹ̀. Àmì # kan péré fún àkọlé ìwé, méjì fún orí, mẹ́ta fún ìpín inú orí. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn #, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ CommonMark, ìyẹn ìlànà tó la òfin Markdown sílẹ̀, ò ní kà á sí àkọlé. Ẹ má sì fò láti méjì bọ́ sí mẹ́rin torí pé bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe kéré ló wù yín.

Ọjọ́ wá ńkọ́? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ 03/04 sínú ìwé àyẹ̀wò bátìrì. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tó gbà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ó ní ọjọ́ ti kọjá, ó bá fagi lé e. Omi bátìrì ti gbẹ kí a tó mọ̀. Látìgbà náà, ọdún ló ń ṣíwájú: 2025-04-03, bí ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́, ṣe là á sílẹ̀.

Èyí tó kàn yìí, àwa tí à ń kọ Yorùbá ló kàn jù. Ẹ wo “ẹ̀rọ” tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo wá a nínú editor mi, ìyẹn ètò tí mo fi ń kọ fáìlì, ẹyọ kan péré ló mú wá. Kí ló fà á? Lẹ́tà “ẹ” kékeré ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. U+1EB9 ni nọ́ńbà náà, àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù mìíràn á kọ e lásán, á lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, kó tó wá lẹ ohùn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe; unicodedata.normalize inú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ń ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá fi ìlà ṣóńṣó, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò èyí tó rí roboto, NFC ò ní bá a tún un ṣe. Àfi kí ẹ wá a, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gbogbo èyí, èèyàn á gbàgbé. Nítorí náà, ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ pè é ní .editorconfig; inú rẹ̀ ni editor ti ń ka òfin tí a bá fún un. Lábẹ́ [*], tó túmọ̀ sí gbogbo fáìlì, ẹ kọ ọ̀nà tí a ó fi tọ́jú lẹ́tà, àmì ìparí ìlà, àti pé kí fáìlì parí pẹ̀lú ìlà tuntun:

charset = utf-8
end_of_line = lf
insert_final_newline = true

Ẹ má yára fi trim_trailing_whitespace, tó ń gbá àlàfo ìparí ìlà dànù, kún un fún .md o. Nínú Markdown, àlàfo méjì ní ìparí ìlà ló ń já ìlà sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbá a dànù, ìlà méjì á lẹ̀ pọ̀. Àmì \ ni èmi ń fi síbẹ̀, torí ojú ń rí i.

Ẹ dá fídíò dúró, ẹ dà á kọ. Kí ẹ wá fi markdownlint, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú fáìlì Markdown, yẹ fóldà yín wò. Bó bá kó àṣìṣe rẹpẹtẹ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ.