Tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí ló kù lọ́wọ́ wa?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ká ní wọ́n dá ẹnì kan dúró níbi iṣẹ́ ní Òṣogbo níbí, wọ́n fún un ní lẹ́tà, ó relé ẹ̀ ní Òkèfíà. Lóṣù àkọ́kọ́ owó ló máa ń dùn ún, àmọ́ tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kò sóhun tóun lè ṣe tó máa yí nǹkan kan padà. Èrò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Julian Rotter, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé e lórí ní 1966, ó ní àwọn kan gbà pé ọwọ́ wọn lọ̀rọ̀ ayé wọn wà, àwọn míì gbà pé kádàrá tàbí àwọn alágbára ló ń darí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì wà láàárín.

Ẹ wo Marienthal, abúlé kan ní Austria. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ń bọ́ wọn kógbá sílé, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Marie Jahoda àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá wò wọ́n, wọ́n tẹ ìwé jáde ní 1933. Àyè gba àwọn èèyàn yẹn láti kàwé, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ń yá ní láíbìrì dín kù, tí wọn ò sì gbowó lọ́wọ́ wọn mọ́ o! Àwọn ọkùnrin ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á tún rìn díẹ̀, ọ̀pọ̀ ò mú aago dání mọ́. Àwọn obìnrin ń yára rìn ní tiwọn, torí oúnjẹ ń bẹ láti sè, ọmọ ń bẹ láti wẹ̀.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o, mi ò ní kéèyàn máa di ẹ̀bi ru ara ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó tì, ìwọ kọ́ lo tì í. Bóyá wọ́n máa pè ẹ́ fún íńtáfíù, kò sí lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ta lo máa lọ bá lọ́la, aago mélòó lo máa jí, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé lálẹ́: "màá gbé CV mi, ìwé tí mo kọ iṣẹ́ tí mo ti ṣe sí, lọ fún ẹ̀gbọ́n ní Old Garage." Tó o bá ti ṣe é, fàlà sí i.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba gbogbo ìpinnu lọ́wọ́ ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí pé ẹ̀yin lẹ̀ ń mówó wálé báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ iléèwé ọmọ, ẹ pè é kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Tí oorun bá sì ti dá lójú ẹ̀, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbàdúrà o, kẹ́ ẹ sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.