Àpẹẹrẹ Àṣẹ Tí Òǹkàwé Lè Kọ́pì: Bí A Ṣe Ń Tò Ó Sínú Ìwé Ìtọ́nisọ́nà Sọ́fítíwíà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Orí àpẹẹrẹ àṣẹ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, ìyẹn ìlà tí a ní kí òǹkàwé tẹ̀ sínú tẹ́mínà. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń padà lẹ́yìn, tí wọ́n á ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe tàwọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ìwé ni kò tò ó dáadáa.

Gbogbo ìpínrọ̀ yòókù nínú ìwé, èèyàn ló ń kà á. Bí a bá ṣì í kọ, èèyàn á fi òye gbé e. Àpẹẹrẹ àṣẹ nìkan ló ní òǹkàwé méjì: èèyàn á kọ́kọ́ kà á, lẹ́yìn náà shell, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ nínú tẹ́mínà tó sì ń ṣe é, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Shell kì í fi òye gbé nǹkan. Ohun tó bá rí ni yóò ṣe. Nítorí náà, kò sí àmì kan lórí ìlà yẹn, títí kan àlàfo lásán, tí a lè kọ láìronú kan ẹni tó máa kọ́pì í.

Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe ìwé ìlò Unix àkọ́kọ́ ní Bell Labs, lóṣù kọkànlá ọdún 1971, orí bébà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹni tó bá kà á ní láti fi ìka ara rẹ̀ tẹ ohun tó rí, bó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń yọ ohun tí kò yẹ kúrò. Lónìí, òǹkàwé á fa ìka lórí ìlà náà, á kọ́pì í, á lẹ̀ ẹ́ sínú tẹ́mínà, ó parí. Púpọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ ní kọ̀ǹpútà. Orí fóònù, nínú Termux, áàpù tó ń ṣe tẹ́mínà lórí Android, ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ṣì ń kọ àpẹẹrẹ bí ẹni tó ń kọ̀wé sórí bébà.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì dọ́là. Tẹ́mínà máa ń gbé $ síta láti sọ pé òun ti ṣe tán láti gba àṣẹ lọ́wọ́ aṣàmúlò lásán. Bí ẹni tó jókòó bá jẹ́ root, tí kò sí ohun tí kò lè ṣe lórí ẹ̀rọ náà, # ló máa gbé síta. Arch Wiki, ìwé ìtọ́nisọ́nà Arch Linux tó wà lórí ìtàkùn, ń lo àmì méjèèjì yìí láti sọ ẹni tó yẹ kó ṣe àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Àṣà tó ní làákàyè ni. Àmọ́ ká ní a fẹ́ lo Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, tí a sì kọ ọ́ báyìí:

$ git status

tí òǹkàwé sì kọ́pì gbogbo ìlà náà pátá. Bash, ọ̀kan nínú àwọn shell, á dá a lóhùn pé:

bash: $: command not found

Ìyẹn ṣì dára, torí ó pariwo. # ló burú jù. Lójú bash, ohun tó bá tẹ̀lé # níbẹ̀rẹ̀ ìlà, àkíyèsí tí ẹnì kan kọ fún ara rẹ̀ ni, kò ní ṣe é. Ẹni tó bá kọ́pì ìlà tó ní # níwájú apt update á tẹ Enter, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, àṣìṣe kankan ò sì ní jáde. Á bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn, á gbà pé òun ti ṣe ti àkọ́kọ́. Nígbà tí nǹkan bá wá dàrú níwájú, kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ náà ò sì ní mọ̀.

Ohun tí mo rọ̀ yín láti ṣe nìyí. Bí àpẹẹrẹ náà bá jẹ́ àṣẹ nìkan, tí kò sí èsì tí ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ yọ $ kúrò pátápátá. Markdownlint, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìwé tí a fi Markdown, ọ̀nà ìkọ̀wé alámì rọrùn, kọ wò, ní òfin kan fún èyí, MD014 lorúkọ rẹ̀: ó máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fi $ síwájú àṣẹ láìfi èsì kankan hàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi èsì hàn, ìgbà yẹn ni $ níṣẹ́ gidi láti ṣe, torí òun ló ń ya ohun tí òǹkàwé máa tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀rọ dá padà. Ẹ wá pe àkópọ̀ kóòdù náà ní console, ẹ má pè é ní bash. Pygments, tó ń kun kóòdù láwọ̀ fún Sphinx, irinṣẹ́ tó ń sọ ìtọ́nisọ́nà di ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, mọ̀ pé nínú console, ìlà tó ní àmì níwájú ni àṣẹ, èsì ni ìyókù. Ẹ lè sọ fún sphinx-copybutton, àfikún tó ń fi bọ́tìnnì sára kóòdù nínú Sphinx, pé kó fo àmì náà bí òǹkàwé bá tẹ bọ́tìnnì àtikọ́pì. Ẹni tó ń kọ CSS tirẹ̀, èdè tó ń ṣètò ìrísí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, lè fi user-select: none sára rẹ̀, kí ojú rí i, kí ọwọ́ má lè mú un.

Bí àṣẹ bá nílò agbára root, ẹ má fi àmì kan ṣoṣo sọ nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nínú gbólóhùn tó ṣáájú, kí ẹ sì kọ sudo sínú àṣẹ náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ adelé, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé máa yọ kúrò, tí á fi tirẹ̀ rọ́pò. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń fi < àti > yí i ká. Lójú èèyàn, ó mọ́ kedere. Lójú shell, < túmọ̀ sí pé kó ka nǹkan láti inú fáìlì, > sì túmọ̀ sí pé kó da èsì sínú fáìlì. Ká ní ìwé wa sọ pé kí òǹkàwé ka iye ìlà tó wà nínú fáìlì méjì, tí a kọ ti àkọ́kọ́ bí ọ̀rọ̀ adelé. Òǹkàwé fi orúkọ fáìlì tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò yọ àmì méjèèjì, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó yọ ọ́:

wc -l <oja.txt> owo.txt

Shell á ka ìlà tó wà nínú oja.txt, á sì kọ iye náà lé owo.txt lórí. Gbogbo ohun tó wà nínú owo.txt ti lọ nìyẹn, láìsí ìkìlọ̀. Ẹni tó kọ ìwé náà kò ní mọ̀ láé pé òun ló fa àdánù yẹn.

Ìlànà ìkọ̀wé tí Google ṣe fún àwọn tó ń kọ ìtọ́nisọ́nà ní kí ọ̀rọ̀ adelé jẹ́ lẹ́tà ńlá, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà so ó pọ̀, bíi ORUKO_FAILI. Mo fara mọ́ ọn. Lẹ́tà ńlá kò ní ìtumọ̀ pàtàkì kan fún shell. Bí òǹkàwé bá gbàgbé láti yí i padà, ohun tó máa gbọ́ ni pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àpẹẹrẹ náà, ẹ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ adelé kọ̀ọ̀kan dúró fún.

Òótọ́ ni pé ìwé Git kún fún àkámọ́, irú bíi git clone [<options>] [--] <repository>. Ìyẹn kì í ṣe àpẹẹrẹ. Àkójọ gbogbo ọ̀nà tí àṣẹ náà lè gbà jáde ni, àyè tirẹ̀ sì wà lókè ojú ìwé. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí ibi tí òǹkàwé ti ń wá ohun tó máa kọ́pì.

Ní ti àdírẹ́sì, ẹ má ṣe hùmọ̀ orúkọ sáìtì lásán, ó lè ti ní olówó. Láti ọdún 1999 ni RFC 2606, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ya example.com sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, RFC 5737 sì ya ìsọ̀rí àdírẹ́sì IP 192.0.2.0/24 àti méjì mìíràn sọ́tọ̀ lọ́dún 2010.

Àwọn àmì tó ń yí padà láìjẹ́ kí a mọ̀ ló kàn. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé àti fóònù máa ń sọ àmì àyọlò tó dúró ṣánṣán di èyí tó tẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ́pì

git commit -m “Àtúnṣe kejì”

máa gbọ́ pé git kò mọ fáìlì kankan tó ń jẹ́ kejì”, torí àmì tó tẹ̀ yẹn kì í so ọ̀rọ̀ pọ̀ lójú shell. Bákan náà ni dáàṣì méjì tó wà níwájú help ṣe ń di ẹyọ kan gígùn. Àwọn àgbà iṣẹ́ pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Nínú kóòdù ojú ìwé man, ìyẹn ìwé ìlò àṣẹ tí a ń kà nínú tẹ́mínà, dáàṣì tí a kọ ní òun nìkan jẹ́ háífínì. Èyí tí bákísíláàṣì ṣáájú ló jẹ́ ti àṣẹ. Nígbà tí groff 1.23, ètò tó ń to ojú ìwé man fún kíkà, jáde lọ́dún 2023 tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya méjèèjì sọ́tọ̀ lójú tẹ́mínà, gbogbo ojú ìwé tí wọn ò ti kọ bákísíláàṣì wá ń gbé háífínì tí àṣẹ kankan ò mọ̀ jáde. Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ní láti tún ètò tirẹ̀ ṣe kí méjèèjì lè máa jáde bákan náà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan béèrè bóyá kò ní sàn kí a ya fọ́tò tẹ́mínà. Rárá o. Ẹni tí kò ríran tí ẹ̀rọ ń kàwé fún kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú fọ́tò, olùtúmọ̀ kò ní lè tú u, dátà ló sì ń jẹ.

Ó wá ku tiwa gan-an, àwa tí à ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, mi ò sì ní gbà kí àlàyé kankan jáde láìní in. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ fáìlì àti ọ̀rọ̀ adelé tó wà nínú àṣẹ, mo rọ̀ yín pé kí ẹ kọ lẹ́tà lásán. Lẹ́tà ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Ẹnì kan lè kọ ọ́ bí ọ tí a gbé àmì ohùn lé, ẹlòmíràn bí ò tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, ẹlòmíràn bí o lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé, èyí tó bá wù ú ló sì lè fi síwájú. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú, ṣùgbọ́n Linux kà wọ́n sí orúkọ fáìlì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pátákó ìtẹ̀wé yín lè kọ ti àkọ́kọ́, kí ti òǹkàwé kọ ìkejì, ẹ ó sì jọ máa wo ìlà kan náà láìmọ ohun tó dé.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò, bíi ìfiránṣẹ́ commit, ìyẹn àlàyé tí a ń kọ mọ́ àyípadà tí a fi pamọ́ sínú Git, lè ní àmì ohùn tirẹ̀ láìsí wàhálà. Fáìlì tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ náà, kò sẹ́ni tó lè ní kó má fi àmì ohùn sí i. Àmọ́ bó bá pè é ní ọ̀rọ̀.txt, ohun tí git status máa fi hàn án nìyí:

"\341\273\215\314\200r\341\273\215\314\200.txt"

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á rò pé òun ti ba fáìlì jẹ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Git ló ń fi nọ́ńbà dípò lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII, àkójọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, àyàfi bí a bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́:

git config --global core.quotePath false

Àṣẹ yìí ló yẹ kó ṣáájú git add nínú ìwé Git èyíkéyìí tí a bá kọ fún Yorùbá, kí òǹkàwé lè rí orúkọ fáìlì rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́.