Ẹ má sọ fún ẹni tó ṣẹ́kù pé kó dúpẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lẹ́tà tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó yẹ kí wọ́n san fún un, kọ̀ǹpútà tó yẹ kó dá padà, gbogbo ìyẹn lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Àwọn tí lẹ́tà ò kàn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lóṣù kìíní ọdún 2023, Google kéde pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ bí 12,000 kù. Lóṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú, Meta tó ni Facebook ti ní kí àwọn tó lé ní 11,000 máa lọ. Gbogbo ayé ló gbọ́ iye àwọn tó lọ. Àwọn tó padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ńkọ́?

Èmi náà ti ṣẹ́kù rí. Lọ́jọ́ tí orúkọ jáde, mi ò bá tèmi níbẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo gbójú sókè, mo rí ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó, ó ń kó fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ sínú páálí. Ojú tì mí. Síbẹ̀ ayọ̀ yẹn ò kúrò. Inú mi ń dùn, ojú ń tì mí, inú ń bí mi sí àwọn ọ̀gá, ẹ̀rù sì tún ń bà mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Mi ò mọ èyí tí mo máa gbé wọ ojú. Mi ò lè lọ bá a. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Wàyí o, ibi tí àwọn ọ̀gá ti máa ń ṣì í rèé. Wọ́n á pe àwọn tó ṣẹ́kù jọ, wọ́n á ní, "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ṣì níṣẹ́." Háà! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: Ẹ MÁ SỌ FÚN ÈÈYÀN PÉ KÓ DÚPẸ́! Ẹni náà ti ń dúpẹ́ nínú, ìdúpẹ́ yẹn gan-an ló ń tì í lójú. Bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" ló kù tẹ́ ẹ máa máa gbọ́.

Ẹ má sì ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó máa lọ mọ́ nígbà tí àṣẹ ò sí lọ́wọ́ yín. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ti rí àjà.

Ẹ jẹ́ kí n fi eyín ṣàpèjúwe, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ eyín lẹ́nu yín, ibo ni ahọ́n ń lọ? Ojú ihò yẹn náà ni! Ẹ lé e títí, á tún padà síbẹ̀. Kì í ṣe oríkunkun, ohun tó ti mọ́ ọn lára ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ lẹni tó ṣẹ́kù ṣe ń wo àga yẹn. Eyín tó kù sì ni yóò máa jẹ oúnjẹ tí èyí tó lọ ń jẹ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó pín iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa pa tì. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í pa nǹkan kan tì!

Joel Brockner, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1980. Nínú àyẹ̀wò kan tó gbé jáde lọ́dún 1985, ẹ̀rí ọkàn tó ń da àwọn tó ṣẹ́kù láàmú mú kí wọ́n ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i. Ẹ rí i? Ohun tó ń tan ọ̀gá jẹ nìyẹn. Á ní, "Iṣẹ́ ṣáà ń lọ." Ṣùgbọ́n ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé bí ẹni tó ṣẹ́kù bá sún mọ́ àwọn tó lọ, tó sì rí i pé wọn ò ṣe dáadáa fún wọn, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára ilé iṣẹ́ náà.

Kí lẹ wá máa sọ? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ò tíì mọ̀. Ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ tún máa sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má sì yẹ ọjọ́ náà, kódà bí kò bá sí ìròyìn kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ DÁKẸ́, kẹ́ ẹ gbọ́ tiwọn! Ẹni tó bá sunkún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ fi òun náà sílẹ̀. Ẹ sì máa dárúkọ àwọn tó lọ.

Níbi iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn mọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó lè pe ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń ṣe iṣẹ́ òun báyìí. Mo ní èmi ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Pẹ̀lẹ́. Ó máa pọ̀ jù fún ẹ."