Àtàǹpàkò Bọ̀dá Délé àti Ìràwọ̀ Bessel

Bùkọ́lá: Bọ̀dá Délé, ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè.

Délé: Mo ń mu tíì lọ́wọ́ o.

Bùkọ́lá: Ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ di ojú ọ̀tún. Ó tó, ẹ ṣí i, kí ẹ di tòsì.

Délé: Háà! Ó kúrò níwájú fèrèsé, ó bọ́ síwájú ìlẹ̀kùn.

Bùkọ́lá: Ọgbọ́n tí Friedrich Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, fi wọn ọ̀nà dé ìdí ìràwọ̀ nìyẹn. Ká ní oṣù kìíní ni ojú ọ̀tún rẹ̀, oṣù keje ni tòsì, torí ayé yìí á ti yí dé òdìkejì oòrùn. Ìràwọ̀ tó bá sún mọ́ wa á yẹ̀ díẹ̀ níwájú àwọn tó jìnnà.

Délé: Díẹ̀ náà tó báwo?

Bùkọ́lá: Ẹ jókòó sí Peckham, ní London, kí ẹnìkan gbé owó ẹyọ pọ́n-ùn kan sókè ní Tottenham, bíi kìlómítà 15 síra wọn. Bí owó yẹn ṣe máa kéré lójú yín, bẹ́ẹ̀ ni igun tí Bessel wọ̀n ṣe kéré, ìyẹn ìdajì yíyẹ̀ ìràwọ̀ náà.

Délé: Irọ́ o! Èmi tí mi ò kí í rí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì àfi tó bá kọjá mi tán.

Bùkọ́lá: Awò tó fi ń wo ìràwọ̀ ni. Wọ́n la dígí ẹ̀ sí méjì, wọ́n ń fi síkúrù sún un títí ìràwọ̀ méjì á fi pàdé. Fraunhofer tó ṣe awò náà ti kú kí wọ́n tó gbé e dé Königsberg, ìlú tí Bessel ti ń ṣiṣẹ́, ní 1829.

Délé: Bessel yìí á ti kàwé gan-an.

Bùkọ́lá: Yunifásítì wo? Ọmọ ọdún 14 ló ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Bremen. Ó ń kọ ìwé owó lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ìṣirò àwọn atukọ̀ òkun lóru. Ibẹ̀ ló gbà débi ìràwọ̀. Ní 1838 ó kéde pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní 61 Cygni ń rin ọdún 10 àti díẹ̀ kó tó kàn wá. Ti òde òní ni ọdún 11 àti díẹ̀.

Délé: Ó mà gbìyànjú! Ṣé kò sẹ́ni tó ti wò ó ṣáájú ẹ̀ ni?

Bùkọ́lá: Henderson, ará Scotland. Láti Cape, ní Gúúsù Áfíríkà, ló ti wo ìràwọ̀ mìíràn, Alpha Centauri, ní 1832 sí 1833. Ìyẹn gan-an sún mọ́ wa ju ti Bessel lọ. Àmọ́ 1839 ló tó gbé e jáde.

Délé: Ó jókòó lé e! Ọdún mélòó!

Bùkọ́lá: Ẹ má bú u. Ọ̀pọ̀ ló ti kéde ṣáájú, tí irọ́ wọn já. Èmi náà ì bá tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Délé: Èmi ì bá ti kéde lọ́jọ́ kejì.

Bùkọ́lá: A mọ̀ yín. Ẹ mu tíì yín, ó ti tutù.